Ìtàkùn tí Àwọn Ọmọ Labalábá Kọ̀

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé ìtàkùn ni iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìtàkùn o, páṣọ̀n nìkan ni: ìtàkùn tó ń so èso róbótó tí omi inú rẹ̀ máa ń kan díẹ̀ lẹ́nu, tí òdòdó rẹ̀ sì rí bíi pé ẹni tó kùn ún kò mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan ló gbà á síṣẹ́ pé kó wá ohun tó wà nínú ewé páṣọ̀n tó lè wúlò fún oògùn. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà débi pé kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Baba Onítàkùn ni ọ̀gá rẹ̀ ń pè é, Baba Onítàkùn náà ni ọlọ́dẹ ẹnu géètì ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ọmọ ti dàgbà, kálukú ti gba ilé tirẹ̀ lọ, ó wá ku òun àti ìyá rẹ̀ nínú ilé.

Ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ náà ni ilé onígíláàsì rẹ̀ wà. Ibẹ̀ gbóná, ó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, àwọn ìtàkùn sì lọ́ mọ́ wáyà láti ilẹ̀ dé òrùlé. Ewé ọ̀kan rí bí ọwọ́ oníka mẹ́ta, ti èkejì rí bí ìyẹ́ àdán, òmíràn rí róbótó bí etí ọmọdé. Bí àlejò bá wọlé, inú Baba Onítàkùn a dùn, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Á ní oríṣi páṣọ̀n tó wà láyé ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ, ẹbí kan náà ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò jọra. Òmíràn ní èròjà tó máa ń mú kí ara balẹ̀, òmíràn ò tiẹ̀ ní in rárá. Òmíràn ní in nínú ewé, kò ní in nínú gbòǹgbò. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé májèlé ló fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ ohunkóhun tó bá fẹ́ jẹ ẹ́. Kódà, bí èèyàn bá gbin ẹ̀yà kan ṣoṣo, tó gbin ọ̀kan sí oòrùn, tó gbin ìkejì sí ibòji, ohun tó máa bá nínú àwọn méjèèjì lè yàtọ̀ síra.

Màmá rẹ̀ ò wò ó bẹ́ẹ̀. Màmá kì í rí oorun sùn dáadáa, ó sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé tìtorí òun ni wọ́n ṣe kọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá bi í pé kí ni ọmọ rẹ̀ ń ṣe, èsì rẹ̀ kì í gùn. Á ní, "Ó ń bá mi wá oorun." Bó bá sì pàdé ẹnikẹ́ni tó ń bá ọmọ rẹ̀ ṣiṣẹ́, á bi wọ́n bóyá wọ́n ti rí i.

Nínú gbogbo ìtàkùn náà, ọ̀kan wà tó sọ ní Ọ̀gá. Ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń ta irúgbìn ló ti rà á, ọkùnrin náà sì fi dá a lójú pé páṣọ̀n tí àwọn èèyàn ti ń fi ṣe tíì oorun láti ìgbà pípẹ́ gan-an nìyẹn. Ọ̀gá yára dàgbà ju àwọn yòókù lọ. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó ń dán, kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀. Nígbà tí máníjà ilé-iṣẹ́ tíì kan wá wo ibẹ̀, ojú Ọ̀gá ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bà lé, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó ní àwọn fẹ́ kó ewé náà sínú àpò kéékèèké, àwọn á ya àwòrán ẹni tó ń sùn tó ń rẹ́rìn-ín sí ara páálí rẹ̀, tíì náà á sì tà bí nǹkan míràn. Baba Onítàkùn ní kó ní sùúrù. Ẹ̀rọ ńlá tó ń ṣe àyẹ̀wò ohun tó wà nínú ewé ti bàjẹ́, wọ́n ṣì ń retí pátì rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí máníjà bá padà wá ni kíkọ̀ Baba Onítàkùn ń rọ̀ sí i. Òun fúnra rẹ̀ tiẹ̀ ká ewé Ọ̀gá díẹ̀, ó sá a gbẹ, ó kó o sínú agolo, ó gbé e sórí pẹpẹ ilé ìdáná, ó wá sọ fún màmá rẹ̀ pé kó má fọwọ́ kàn án títí wọn á fi tún ẹ̀rọ ṣe. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò mọ́gbọ́n dání. Ta ló ń sọ fún ẹni tó ń wá oorun kiri pé oorun wà nínú agolo, kó má ṣí i?

Ó wá rin ìrìn-àjò lọ sí ìpàdé àwọn onímọ̀ ewé. Nígbà tó padà dé, tó ṣí ilẹ̀kùn ilé onígíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó kọ́kọ́ rò pé òun ṣìnà ni. Ohun tó kù lára àwọn ìtàkùn kò yàtọ̀ sí ìgbálẹ̀. Kòkòrò aláwọ̀ ọsàn tí ẹ̀gún dúdú wà lára wọn ló kún wáyà, wọ́n ń jẹun lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ti sanwó oúnjẹ sílẹ̀. Ó pe ẹni tó ní kó máa bá òun bomi rin wọ́n. Ẹni náà sọ pé òun rí wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti kéré, òun rò pé ara ìwádìí ni, òun tiẹ̀ ń ṣọ́ra kí omi má bàa ta sí wọn lára.

Ọgbà labalábá wà lódì kejì ògiri, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé wá wòran. Obìnrin tó ni ín jẹ́ onímọ̀ kòkòrò, Ìyá Labalábá ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ọkọ tó fẹ́ nígbà èwe ti sọ fún un pé kó yan òun tàbí kòkòrò, ó sì yàn láìfi falẹ̀. Baba Onítàkùn ti máa ń kí i lẹ́nu géètì, wọn ò jọ sọ̀rọ̀ ju ẹ káàárọ̀ lọ. Lọ́jọ́ yìí, ìbínú ló gbé e wọlé. Ó bá obìnrin náà níbi tó ti ń fi òwú so àwọn labalábá tí kò tíì yọ kúrò nínú èèpo wọn rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì da gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níkùn rẹ̀ sílẹ̀.

Obìnrin náà jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló bi í pé àwọ̀ wo ni kòkòrò náà ní. Ó ní àwọ̀ ọsàn. Ó bi í bóyá ẹ̀gún wà lára wọn. Ó ní ó wà. Ojú Ìyá Labalábá bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbìyànjú láti fa ojú ro. Ó ní àwọ̀n òun ya lọ́jọ́ tí ìjì jà, àwọn labalábá kan jáde, òun sì ti gbà pé ẹyẹ ti jẹ wọ́n. Ó bẹ Baba Onítàkùn dáadáa, ó bẹ̀ ẹ́ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ó ti ń wá bàtà rẹ̀ bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Kí Baba Onítàkùn tó mọ̀, obìnrin náà ti ṣíwájú rẹ̀ dé ilé onígíláàsì.

Inú ilé náà ni ìbínú Baba Onítàkùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú, kò sì mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Obìnrin yìí ò ṣe bí ẹni tó wá wo ohun tí kòkòrò bà jẹ́. Ó ń lọ láti ìtàkùn kan sí òmíràn, ó ń kí àwọn kòkòrò náà, ó ń gbé wọn sí àtẹ́lẹwọ́. Ó fi ewé kan tó ṣẹ́ kù hàn án, tí nǹkan róbótó aláwọ̀ yẹ́lò kéékèèké wà lára rẹ̀, ó bi í ohun tó rò pé ó jẹ́. Baba Onítàkùn ní ojú ibi tí omi dídùn ti ń jáde lára ewé ni. Obìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kó wò ó bí ẹni pé labalábá ni òun. Ó wò ó títí, ló bá rí i: ẹyin ni wọ́n jọ. Ìtàkùn náà ló fi ara rẹ̀ ya ẹyin èké, kí labalábá tó bá ń wá ibi tó máa yé sí lè rò pé ẹlòmíràn ti gba ibẹ̀. Òun náà wá sọ èyí tó mọ̀ fún un, pé omi dídùn yẹn ni ìtàkùn fi ń háyà èèrà, kí èèrà lè máa bá a lé ọ̀tá. Wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ewé kan ṣoṣo ṣeré, títí ó fi rántí pé ẹjọ́ ni òun wá rò.

Obìnrin náà ló kọ́kọ́ béèrè nípa Ọ̀gá. Láàárín gbogbo ìgbálẹ̀ yẹn, Ọ̀gá nìkan ló ṣì wọ aṣọ rẹ̀ pé. Baba Onítàkùn fi ìgbéraga sọ pé ìtàkùn tó lágbára ni.

Ìyá Labalábá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí ewé kan sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ojú eyín kéékèèké wà létí ewé náà. Lórí ilẹ̀, ní ìdí Ọ̀gá, àwọn ọmọ kòkòrò tín-ń-tín wà tí wọ́n ti gbẹ.

Ó ní, "Wọ́n tọ́ ọ wò. Àwọn tó tọ́ ọ wò ló wà nílẹ̀ yìí. Kí lẹ fẹ́ fi ìtàkùn yìí ṣe?"

"Tíì," ni Baba Onítàkùn dáhùn, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀.

Wọn ò nílò ẹ̀rọ ńlá fún ohun tí wọ́n ṣe tẹ̀lé e. Baba Onítàkùn ká ewé lára Ọ̀gá, ó tún ká lára àwọn tí ewé ṣẹ́ kù díẹ̀ lára wọn, ó gún ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó rọ wọ́n sínú ìgò kéékèèké, ó wá fi bébà aláwọ̀ yẹ́lò kọ́ sí ẹnu ìgò kọ̀ọ̀kan kó tó dé e pa. Bí májèlé bá ń jáde lára ewé, bébà náà á pọ́n. Wọ́n jókòó, wọ́n ń dúró. Bébà àwọn yòókù wà bó ṣe wà, ọ̀kan péré ló yí díẹ̀. Ti Ọ̀gá ti pọ́n bíi bíríkì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fara balẹ̀ wò ó. Baba Onítàkùn wá lọ wo òdòdó Ọ̀gá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là lókè, tí kò ráyè wò láti ìgbà tó ti dé, ó fi í wé ti inú ìwé. Àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, fọ́nrán inú rẹ̀ yàtọ̀. Mọ̀lẹ́bí ìtàkùn oorun ni Ọ̀gá lóòótọ́, àmọ́ mọ̀lẹ́bí tó jìnnà ni.

Ibi tó ti ń rò ó pé orí kó òun yọ ló ti rántí agolo.

Ó pe fóònù ilé, ó dún títí, màmá ò gbé e. Ó tún pè. Ọkọ̀ tirẹ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, Ìyá Labalábá kò sì dúró kó bẹ òun. Wọ́n kó sínú bọ́ọ̀sì kékeré rẹ̀, àpótí kòkòrò ń gbá ara wọn lẹ́yìn, obìnrin náà sì ń wa ọkọ̀ bí ẹni pé ìyá tirẹ̀ ló wà nílé. Baba Onítàkùn kàn ń rí màmá rẹ̀ níwájú agolo náà, pẹ̀lú omi gbígbóná.

Wọ́n bá a ní pálọ̀, lórí àga. Ó ti sùn. Màmá tí kì í sùn lóru, òun ló wá ń sùn lọ́sàn-án gangan, ẹnu là sílẹ̀, kọ́ọ̀bù kan wà lórí sítúùlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wólẹ̀ síwájú rẹ̀, ó di èjìká rẹ̀ mú, ó ń mì í, ó ń pe Màmá, Màmá. Ìyá Labalábá mú kọ́ọ̀bù, ó gbé e sí imú.

Ó ní, "Kòkó ni. Kòkó àti mílíìkì."

Màmá la ojú. Ó wo ọmọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ gidigidi.

"Láti ìgbà tí mo ti ń wá oorun, òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá mi fúnra rẹ̀. Ìwọ lo wá lé e lọ."

Ìbéèrè agolo ni ọmọ rẹ̀ fi dá a lóhùn. Màmá ní ọjọ́ tó gbé e wálé gan-an ni òun ti ṣí i, kí ló rò pé òun máa ṣe? Ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ò bá òun lára mu, òun sì dà á sí ìdí òdòdó níta. Láàárọ̀ yìí, òun tu koríko ẹ̀yìnkùlé títí ó fi rẹ òun, òun mu kòkó, òun jókòó, ohun tí òun mọ̀ mọ nìyẹn. Baba Onítàkùn jókòó sórí ilẹ̀ bó ṣe wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Màmá wá rí àlejò. Ó bi ọmọ rẹ̀ ẹni tí èyí jẹ́. Ó ní ará ilé kejì ibi iṣẹ́ òun ni, kòkòrò rẹ̀ ló jẹ gbogbo ìtàkùn òun.

"Ó jẹ wọ́n tán?"

"Ó ku ọ̀kan, Màmá."

Màmá wo obìnrin náà láti òkè délẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn sí ohun tó rí. Ó ní, "Á jẹ́ pé ó ṣì ń bọ̀ nìyẹn."

Lọ́jọ́ kejì, Baba Onítàkùn lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun ti ń pe ìtàkùn kan ní ohun tí kò jẹ́, ó sì tún àkọlé rẹ̀ kọ. Ti máníjà ló le jù. Máníjà ti ya àwòrán ẹni tó ń sùn tó ń rẹ́rìn-ín náà, ó gbé e wá pàápàá. Ó bi í bóyá májèlé ọ̀hún ò ní lọ bí wọ́n bá se ewé náà dáadáa.

Baba Onítàkùn ní, "Ó lè lọ, ó sì lè má lọ tán. Lánàá, mo rò pé ìyá mi ti mu ún. Bí ara mi ṣe rí lánàá, mi ò fẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n."

Máníjà ká àwòrán rẹ̀, ó lọ. Kò bínú fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ránṣẹ́ pé bí ìtàkùn míràn bá wà, kí wọ́n má gbàgbé òun.

Àwọn ìtàkùn rú padà. Páṣọ̀n kì í pẹ́ banújẹ́. Láàárín ìgbà díẹ̀, wáyà ti tún tutù. Àmọ́ nǹkan ti yí padà nínú ilé onígíláàsì, nítorí èèyàn méjì ló ń wọ ibẹ̀ báyìí. Wọ́n á gé ewé oríṣiríṣi sínú àwo, wọ́n á gbé kòkòrò sí i, wọ́n á wo èyí tó jẹ àti èyí tó yí ojú kúrò níbẹ̀. Ohun tí kòkòrò bá kọ̀ ni Baba Onítàkùn á kọ́kọ́ gbé lọ sórí ẹ̀rọ, tí wọ́n ti tún ṣe. Kì í ṣe pé gbogbo èyí tí wọ́n kọ̀ ló burú. Ìyá Labalábá máa ń kìlọ̀ fún un pé àwọn ọmọ òun ò mọ oògùn, ohun tí wọ́n lè gbé mì ni wọ́n mọ̀.

Ẹnu iṣẹ́ yìí ni wọ́n wà tí wọ́n fi rí ohun kan tí ẹnì kankan nínú wọn ò wá lọ. Páṣọ̀n kékeré kan wà nítòsí ilẹ̀kùn, eléwé bí ìyẹ́ àdán, tí Baba Onítàkùn ti fẹ́ẹ́ fà tu rí, torí pé èròjà ìfọ̀kànbalẹ̀ inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ̀rọ ní èròjà náà ti pọ̀ gan-an nínú ewé tuntun tó hù lẹ́yìn tí kòkòrò jẹ ẹ́. Ó rò pé ẹ̀rọ tún ti fẹ́ bàjẹ́. Ó fi ọ̀bẹ gé ewé rẹ̀ kúrò kí òmíràn lè hù, èròjà náà kò pọ̀ nínú èyí tó hù. Wọ́n wá kó kòkòrò sí i kí wọ́n jẹ ẹ́. Èyí tó hù lẹ́yìn wọn tún ní in yanturu. Ó dà bíi pé ìtàkùn náà mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀bẹ àti ẹnu. Wọn ò tíì mọ ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n kàn jókòó sórí korobá tí wọ́n dà délẹ̀, wọ́n ń wo ìtàkùn kékeré náà bí òbí tí ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kò sí májèlé nínú èyí, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò léraléra kí wọ́n tó jẹ́ kí àwọn dókítà ilé ìwòsàn kan fi ṣe tíì fún àwọn tí kì í rí oorun sùn, tí wọ́n fara wọn sílẹ̀. Wọ́n fún àwọn kan ní tíì náà, wọ́n fún àwọn kan ní ohun tó jọ ọ́ tí kò ní èròjà náà. Màmá fẹ́ wà nínú wọn, wọ́n ní kò ṣeé ṣe nítorí ọmọ rẹ̀ ló ni iṣẹ́, ó sì bínú débi pé ó ń gba ẹnu Ìyá Labalábá bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èsì tó jáde kò ṣe bàbàrà: oorun àwọn kan dára sí i, ti àwọn kan wà bó ṣe wà. Àwọn dókítà ní ó dára tó láti tún un ṣe pẹ̀lú èèyàn púpọ̀ sí i. Baba Onítàkùn fẹ́ràn èsì náà nítorí pé kò sí àsọdùn nínú rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí wọ́n ń kó kòkòrò padà sínú àpótí, ni Baba Onítàkùn sọ pé òun fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ Ìyá Labalábá. Obìnrin náà ní kó béèrè.

"Ṣé ẹ lè fẹ́ mi?"

Ó bi í pé àwọn ọmọ òun ńkọ́.

"Wọ́n ti jẹ iṣẹ́ mi tán," ni Baba Onítàkùn sọ. "Ibo ni mo tún fẹ́ sá sí?"

Ìyá Labalábá rẹ́rìn-ín débi pé àpótí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn kòkòrò sì tú káàkiri ilẹ̀. Ó ní òun á dá a lóhùn bí wọ́n bá ṣà wọ́n tán. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀, wọ́n ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó kánjú. Nígbà tí wọ́n ṣà wọ́n tán, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọdún tó kọjá ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ kan fi àwòrán páṣọ̀n kan tó rí lórí òkè ránṣẹ́ sí wọn, òdòdó rẹ̀ funfun báláú, kò sì sí nínú ìwé kankan tí wọ́n ní. Kíá ni wọ́n ti di ẹrù. Àríyànjiyàn kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀ ni ti ẹni tó máa wa ọkọ̀: ọkọ ní ìyàwó máa ń dúró síbi gbogbo tí labalábá bá ti gba ọ̀nà kọjá, ìyàwó ní bí ọkọ bá wà á, òdòdó náà á ti rọ kí wọ́n tó dé. Màmá ti jókòó sí ẹ̀yìn ní tirẹ̀, ó ti de bẹ́líìtì, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, ó sì sọ fún wọn pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wà á kó wà á, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí àwọn lọ kí oòrùn tó mú.